Ìdajì éékà létí odò, ojú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà: báwo ni kí n ṣe pín omi tí kò fi ní tán kí tòmátì tó pọ́n?

Àgbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Mo gba ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà tó ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Ìfẹ̀wàrà. Ìdajì éékà ni, ó rọra dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan. Kànga àfọwọ́gbẹ́ kan wà lókè ilẹ̀ náà. Mo fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata rodo àti tòmátì fún ẹ̀ẹ̀rùn yìí, torí ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀fọ́ ṣe máa ń wọ́n lọ́jà láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Mo ní pọ́ǹpù onípẹtiróòlù, oníǹṣì méjì, mo sì ní táǹkì lítà 2,000 kan. Àwọn tó ti lo ilẹ̀ yẹn rí sọ fún mi pé omi kì í bá wọn dé òpin, pé ó máa ń tán kí tòmátì tó pọ́n. Èwo ni kí n fi owó sí: kí n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àbí kí n ra àwọn rọ́bà dírípù tó ń kán omi sí ìdí ewéko?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:

O káre, ọmọ mi. Má tíì ra ọ̀kankan. Omi tó wà nílẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n, òun ni yóò sọ iye ilẹ̀ tí o lè gbìn fún ọ. Ohun tó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú nídìí àkùrọ̀ ni pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń wo odò. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà yẹn, odò kún dẹ́múdẹ́mú, ni wọ́n á bá kọ ebè dé òpin ilẹ̀. Ọyẹ́ á dé, á fẹ́, odò á fà sẹ́yìn, ata á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ òdòdó. Omi oṣù Kejì ni kí o fi gbìn, kì í ṣe ti oṣù Kọkànlá.

Ti kànga yẹn, ṣe báyìí. Láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, ju okùn sí i, kí o ta kókó síbi tí omi dé. Wá máa fa omi títí yóò fi kù díẹ̀ nísàlẹ̀, kí o sì máa ka garawa. Jù ú sí i lọ́sàn-án, jù ú sí i nírọ̀lẹ́, kí o wo ìgbà tí omi padà dé ojú kókó. Iye garawa tó padà sun láàárín àárọ̀ sí àárọ̀ kejì ni kànga rẹ. Bó ṣe jìn tó kò kàn wá.

Kí o tún bi àwọn ìyá tó ń pọnmi ládùúgbò yẹn léèrè bó ṣe máa ń rí nínú oṣù Kẹta. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹni tó fún ọ nílẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀:

Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ màmá wa.

Òjò mílímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ewébẹ̀ tó ti ta ewé bo ilẹ̀ máa ń lo nǹkan bíi mílímítà 4 sí 6 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká mú 5. Ìdajì éékà tó nǹkan bíi 2,000 irú ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó bẹ́ẹ̀, ìyẹn pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ẹ sọ 5 di ọ̀nà 2,000: lítà 10,000 lójúmọ́. Táǹkì yín yẹn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi.

Omi tó dé gbòǹgbò nìkan nìyẹn o. Àwọn ìwé FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, fi í sí pé tí a bá ń da omi gba inú poro, nǹkan bí 60 nínú 100 ló ń ṣe ewéko láǹfààní, tí a bá ń fọ́n ọn sókè bí òjò, 75, dírípù, 90. Nítorí náà, ká ní kànga yín ń sun lítà 2,000 lójúmọ́, tí ẹ sì lo dírípù, 1,800 ló dé gbòǹgbò, ó sì tó fún ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lọ́nà 360. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ yín.

Fún ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò: bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ mítà kan níbùú, mẹ́wàá lóròó, ń mu lítà 50 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ní, kí ẹ tó ka bẹ́ẹ̀dì.

Àgbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn:

Há! Lítà 10,000? Ó yé mi wàyí ìdí tí wọ́n fi ń sá kúrò níbẹ̀. Odò ńkọ́? Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn èyí tó ń ṣàn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀:

Ẹ wá ibi tí odò ti ṣe tààrà, tí kò sí òkúta tàbí koríko lójú rẹ̀. Ẹ wọn mítà 10 létí rẹ̀, kí ẹ ri igi mọ́lẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ ju ewé gbígbẹ kan sómi, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe é léraléra. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú àáyá 50: omi ń rin ìdá kan nínú márùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní odò fẹ̀ tó ìdajì mítà, tó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ sọ wọ́n di ọ̀nà ara wọn: 0.5 lọ́nà 0.1 lọ́nà 0.2, ó di lítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, torí omi ojú odò máa ń yá ju tìsàlẹ̀ lọ. Ó ku 8.

Ó pọ̀ lójú, lítà 28,800 ni ní wákàtí kan. Àmọ́ ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ti di nǹkan mìíràn. Àti pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni tiyín, àwọn kan wà nísàlẹ̀.

Oníṣẹ́ Pọ́ǹpù:

Ẹ kú ìjíròrò. Pọ́ǹpù lẹ́nu tèmi. Ẹ gbé ẹnu rọ́bà sínú dúróòmù lítà 200, kí ẹ wo aago. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú kan, lítà 12,000 ni wákàtí kan. Ẹ wá wo kànga tó ń sun 2,000 láti àárọ̀ dé àárọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni pọ́ǹpù máa fi gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, sílìì inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò á jó, wọ́n á wá gbé e wá bá mi pé mo ta ayédèrú fún wọn.

Pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kì í fa omi tó bá jìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Tí omi kànga bá lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi lẹ máa lò. Ní etí odò, ẹ gbé e sún mọ́ omi bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Títì ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò mọ fífà bẹ́ẹ̀. Ẹ so àwọ̀n mọ́ ẹnu rọ́bà tó wà nínú omi, kí ẹ sì gbé ẹnu náà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó má baà máa mu yanrìn.

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń fi pẹtiróòlù bomi rin tẹ̀tẹ̀ lójoojúmọ́, epo ló ń ṣiṣẹ́ fún. Tí owó bá wà, pọ́ǹpù sólà kékeré tó ń rọra kún táǹkì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bá kànga tí kò sun púpọ̀ mu ju eléyìí tó ń gbẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kò sì ní tà á lówó. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá fi kurukuru bo ojú ọ̀run nìkan ni agbára rẹ̀ máa dín kù.

Ṣe Kíá:

Gbogbo ìṣirò yìí kí ló wà fún? Ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kí ẹ bọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ̀gbọ́n Ṣe Kíá, ẹ rọra. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà orí àpáta la jókòó lé. Abẹ́ ilẹ̀ wa kì í ṣe yanrìn tí omi kún inú rẹ̀ káàkiri bíi ti etí òkun. Inú erùpẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbé. Ẹ lè gbẹ́ tiyín kó gbẹ fúrúfúrú, kí ti aládùúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa tú yàà. Ẹ kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí ẹ tó pe àwọn agbẹ́kànga. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á ri igi mọ́lẹ̀ kí òun mọ ibi tí omi wà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán pàápàá, ẹ ní kí wọ́n fa omi níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú yín, kí ẹ rí bó ṣe ń padà sun, kí ẹ tó san owó tó kù.

Ọ̀rọ̀ kejì, ẹni tó béèrè: ṣé ẹ mọ ohun tó wà lókè odò yẹn? Apá ọ̀dọ̀ wa, Ìtàgúnmodì, Igún, títí lọ, àwọn awakùsà góòlù ti sọ ọ̀pọ̀ odò di ẹrẹ̀. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ pọ́n, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá síbi ọdún pé kí wọ́n má mu ún. Ìfẹ̀wàrà kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Tí omi bá ń dà bí tíì onímílíìkì nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ fura. Ẹrẹ̀ yẹn á dí ihò dírípù, èyí sì kéré nínú wàhálà rẹ̀: mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń yọ góòlù àti òjé tó ń bá a jáde kì í ṣe ohun téèyàn ń wọ́n sórí ẹ̀fọ́ tí ọmọ ẹlòmíì máa jẹ. Ẹ rìn lọ sókè odò. Tí ẹ bá bá kòtò ìwakùsà níbẹ̀, kànga nìkan ni kí ẹ gbójú lé.

Àgbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn:

Mo rìn ín dé orísun, igbó àti oko kòkó ni. Omi rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣeun fún ìkìlọ̀ yẹn.

Bàbá Kòkó:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ omi tó ń wọlé, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ èyí tó ń sá jáde. Ilẹ̀ tó wà níhòòhò nínú oòrùn oṣù Kìíní, bí o bu odò Ọ̀pá dà sí i, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á lá a gbẹ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ata àti tòmátì, kó nípọn tó gígùn ìka, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ níbi igi rẹ̀ kó má baà rà. Ẹ ṣá koríko náà kó tó so èso, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìroko lẹ ń rà sílẹ̀. Èèpo ìrẹsì dára, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ dára. Èèpo kòkó tútù tó ti dúdú, ẹ jìnnà sí i tí kòkó bá wà nítòsí, torí àrùn tó ń ra kòkó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹni tó ní kòkó kékeré tó ń wọ ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀, òun ni mo tún ń bá wí. Gbogbo oko kọ́ lo máa bomi rin. Gbẹ́ ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká bí abọ́, bo abọ́ náà, jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà tán nínú oṣù Kejìlá torí ọdún Kérésì, ẹ máa wáá ra irúgbìn kòkó mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti sọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:

Bàbá Kòkó ẹ kú iṣẹ́, òótọ́ lẹ sọ.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ dírípù yẹn. Fún tòmátì àti ata, rà á bí agbára bá ká a, torí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí kọ̀ọ̀kan ló ń mu. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí a fọ́n ká, tó pọ̀ bí irun orí, kí ni dírípù fẹ́ ṣe níbẹ̀? Fi ike tí ẹnu rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́ wọ́n ọn, kó dà bí òjò. Rọ́bà pọ́ǹpù tí wọ́n ń nà sórí tẹ̀tẹ̀ kékeré, á hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, á sì gbá èyí tó kù mọ́lẹ̀.

Má gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti tó í fà. Gbin bẹ́ẹ̀dì mélòó kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gbin òmíì. Ẹ̀fọ́ kékeré kì í mu omi tó àgbà, nítorí náà wọn ò ní jọ máa béèrè omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàá sì máa rí nǹkan gbé lọ ọjà Odò-Ògbè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó gbé gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, iye tí alájàpá bá pè ló máa gbà.

Tòmátì ni kí o tètè gbìn. Kó ti kúrò ní nọ́sìrì bọ́ sórí ilẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá, tí ilẹ̀ ṣì tutù. Òjò tó ṣẹ́kù á bá ọ gbé e dìde, yóò sì ti máa pọ́n nínú oṣù Kìíní kí omi tó lọ tán. Àwọn tó lò ó ṣáájú rẹ, mo fura pé oṣù Kejìlá ni wọ́n ń gbìn ín.

Ẹlẹ́ja Mórò:

Mo ní adágún ẹja àrọ̀ lọ́nà Mórò. Omi tí mo bá pààrọ̀ kì í lọ sí gọ́tà, inú oko ilá àti gbọ̀rọ̀ ló ń lọ. Ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ewé ń dúdú minimini. Ẹni tó bá ní aládùúgbò ẹlẹ́ja, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń wá ibi tí wọ́n máa dà á sí. Ẹ dà á sí ìdí, ẹ má wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ fà lọ́la.

Aládìẹ Iléṣà:

Èmi ń gbe omi òjò láti orí páànù ilé adìẹ. Páànù mítà 6 sí 10, òjò mílímítà 25, lítà 1,500 ni lórí ìwé. Ẹ fi 1,200 sí i, torí tàkọ́kọ́ tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò, ẹ ó dà á nù. Adìẹ ẹlẹ́yin 500 ń mu nǹkan bíi lítà 125 lójúmọ́, tí ooru bá mú ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà ó ń gbè mí lásìkò òjò, owó omi kò sí. Àmọ́ kí n má tan yín: fún ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, àfi kí ẹ ní táǹkì ńlá-ńlá. Ká tó rí òjò gidi láti oṣù Kọkànlá, oṣù Kẹta ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń fi ojú wo ilẹ̀ ni. Òkè ilẹ̀ lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ tutù, òkè sì lè tutù kí gbòǹgbò máa kú lọ. Ẹ ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko, kí ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ fún un. Tó bá ṣù pọ̀, tí ọwọ́ yín sì tutù, ẹ lọ sinmi. Tó bá fọ́ túẹ́túẹ́, ẹ bomi rin. Láàárọ̀ kùtù ló dára jù, ewé á gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, àrùn kò sì ní fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Tòmátì kò fẹ́ ẹni tó ń fi ebi òùngbẹ pa á fún ọjọ́ mẹ́rin, tó wá ń rọ ọ́ yó lọ́jọ́ karùn-ún. Ohun tó ń mú èso sán nìyẹn, òun náà ló sì sábà máa ń fa kí ìdí rẹ̀ dúdú kó rà. Àwọn ènìyàn á lọ ra oògùn, omi ni kò lọ déédéé.

Àgbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn:

Mo ti wọn kànga bí màmá ṣe wí, mo sì bi àwọn ìyá àdúgbò. Ó ń sun tó lítà 1,500 nísinsìnyí tí òjò ti ń dín kù. Wọ́n ní kì í gbẹ tán nínú oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n á fà sílẹ̀. Odò máa ń di adágún kéékèèké ní nǹkan bí àárín oṣù Kejì.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Tòmátì mítà 200 àti ata mítà 60 (mítà kan níbùú, mítà kan lóròó ni mò ń kà), lábẹ́ dírípù, láti inú kànga: nǹkan bíi lítà 1,440 lójúmọ́ tí wọ́n bá dàgbà tán. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mẹ́wàá létí odò, ní ìpele-ìpele, tí mo máa dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí oṣù Kìíní bá ń parí. Ilẹ̀ tó kù, mi ò ní fọwọ́ kàn án títí òjò oṣù Kẹta, àgbàdo ni màá fi sí i. Kànga ẹ̀rọ di ọdún mìíràn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:

O gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n o fi kànga náà sí góńgó. Wọ́n ti sọ fún ọ pé yóò fà sílẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì ń pọn níbẹ̀. Mú tòmátì wá sí 150, kí ata dúró síbẹ̀. Ata ló máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń pawó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Kí ẹ tó gbé pọ́ǹpù débẹ̀, ẹ lọ kí àwọn tó ń dáko nísàlẹ̀ odò. Ẹ jọ fi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ pín in, tàbí ọjọ́ àti ọjọ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ táǹkì oògùn apakoríko nínú odò yẹn, tiyín tàbí tiwọn.

Oníṣẹ́ Pọ́ǹpù:

Nípa dírípù: ẹ gbé táǹkì sókè tó mítà kan sí méjì, kí ẹ fi asẹ́ sí ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, kí ẹ sì máa ṣí ìdí àwọn rọ́bà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ìdọ̀tí lè ṣàn jáde. Omi lítà 2,000, tọ́ọ̀nù méjì ni. Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi mọ ìdúró rẹ̀, kì í ṣe igi ọparun. Tí ẹ bá ti ra rọ́bà náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí n wo bí ihò rẹ̀ ṣe jìnnà síra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.